Ijó Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

Àbúrò mi ọkùnrin, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Mi ò sì ní dárúkọ ìlú tó ń gbé. Ẹni tó bá jẹ́ ará àríwá erékùṣù wa, tó jẹ́ Tamil bíi tèmi, kò ní bi mí pé kí ló dé. Àwa tá a wà ní Scarborough yìí, ara wa wà ní Kánádà, ṣùgbọ́n etí wa ò kúrò nílé. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè lórí fóònù, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo máa ń dúró sí ná. Ọkọ mi Thevan, tó ń wa tírélà, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ní Scarborough, bí kò bá gbé páálí ẹrù dání, ìwé Jésù ló gbé dání. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sì ní kúrò lẹ́yìn kọ́tìnì.

Ọ̀rọ̀ ijó ni mo fẹ́ sọ. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra máa bọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Nilani lorúkọ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń kọ́ ijó ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ jó. Kò sí ọmọbìnrin wa kan níbí tí wọn ò mú lọ kọ́ ọ. Bí wọn ò bá tiẹ̀ lè ka èdè wa, tí ahọ́n wọn ń kọ́ lórí rẹ̀, a máa ń sọ pé ẹsẹ̀ wọn á mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ohun tá a fi ń tu ara wa nínú nìyẹn. Tíṣà rẹ̀ ń jẹ́ Vasuki, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń kọ́ wọn nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ le ju igi tó fi ń lu pákó fún wọn lọ. Bí ọmọ bá kọ́ ijó náà dójú àmì, wọ́n á ṣe arangetram fún un. Ọjọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ dá nìkan gun orí ìtàgé, tí yóò jó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lójú ẹbí àti ará. Ìmúra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbéyàwó.

Tíṣà Vasuki wá ní àṣà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ijó àwọn òrìṣà lèyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n máa jó, bí wọ́n ṣe ń jó o láyé àtijọ́ náà lọmọ á ṣe jó o. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú wọn, ó fẹ́ kí ọmọ mú un wá látinú ilé wọn. Ọmọ kan jó bí ìyá bàbá rẹ̀ ṣe ń sá ẹja. Òmíràn jó bí bàbá rẹ̀ ṣe fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín wọ Kánádà. Nínú ijó wa, ojú àti ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́.

Bí Nilani ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nìyẹn. Ìgbà òtútù ni. A jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé Tíṣà, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò tíì jáde.

"Amma, ẹ fún mi ní nǹkan kan," ó ní. "Mo ti jó òrìṣà Krishna tó ń jí bọ́tà títí ó fi sú mi. Èmi tí mi ò rí màlúù rí àfi lára páálí mílíìkì. Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé tiwa?"

Mo ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń wí. Tí wọ́n bá tún bi mí níléèwé pé níbo la ti wá, màá ní láti ibi tí nǹkan kan kì í ti í ṣẹlẹ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn ń fi ìka kọ nǹkan sára gíláàsì ni. Bóyá torí pé yìnyín ti bo gbogbo gíláàsì mọ́tò, tẹ́nikẹ́ni ò lè rí wa nínú ibẹ̀, mi ò mọ̀. Mo la ẹnu mi, mo sì sọ ọ́. Thevan pàápàá, mi ò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún un tán nígbà yẹn.

Nígbà tí ogun ìjọba àtàwọn ajàjàgbara Tamil ń parí lọ nílé, èmi ti wà níbí. Àbúrò mi àti bàbá wa ló wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù ti lé wọn dé etí ọ̀sà, bàbá wa ò sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Àbúrò mi pọ̀n ọ́n, bí ẹni pọn ọmọ, ó sì wọ inú omi tẹ̀lé èrò. Omi náà mu wọ́n dé àyà. Nígbà tó fi máa sún mọ́ òdìkejì, orúnkún lomi wà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba tó dúró lókè pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ méjèèjì. Ó gbé bàbá wa kalẹ̀ sínú omi náà, bàbá jókòó, omi mu ún dé ọrùn. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n tì í lọ síwájú, kò sì fojú kan bàbá wa mọ́ títí dòní.

Wọ́n tì í mọ́lé fọ́dún bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré, ó ń ta táyà àti irin kẹ̀kẹ́. Àwọn agbófinró kan tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́ a máa wá jókòó tì í, wọ́n á ní kí ó ra tíì fáwọn, wọ́n á bi í pé ta ló ń pè é láti òkèèrè. Lẹ́yìn tó gbéyàwó, tí wọ́n bímọ, wọn ò wá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lójúbọ wa láràárọ̀ nìyẹn, pé kí wọ́n má tún wá mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Nilani ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó mú ṣaworo rẹ̀, ó wọlé lọ.

Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ó di ìgbà tí arangetram kù sí dẹ̀dẹ̀ kí Tíṣà tó ní ká wá wo ìdánrawò. Mo jókòó sórí àga oníke lábẹ́ ilé rẹ̀. Nilani bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wá dìde díẹ̀díẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí bí nǹkan náà ṣe wúwo. Mo rí omi bó ṣe ń gun àyà rẹ̀. Bàbá mi ni mo rí, ọwọ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín lọ́rùn ọmọ tí kò rí i rí láyé. Lójijì, Tíṣà dá àwo idẹ tó ń lù dúró. Nilani gbé e kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọrùn rẹ̀ ò yí padà, ojú rẹ̀ nìkan ló ń wẹ̀yìn.

Mo dìde. Mo ní kí wọ́n yọ ijó yìí kúrò.

Tíṣà fa àga sún mọ́ mi. Ó ní kò sí ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn yẹn tí kò ní irú ẹ̀ nílé, pé kálukú á rò pé tòun ni, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí í ṣe.

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Amma," Nilani sọ. "Ọwọ́ lásán ni mo gbé sókè."

"Ọwọ́ tó o gbé sókè yẹn lorúkọ ẹ̀."

Ó wò mí títí. "Láti kékeré mi, ẹ̀rù nìkan lẹ ń fún mi látilé," ó ní. "Èyí nìkan ni nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ fún mi. Ẹ sì fẹ́ gbà á padà."

Mo pinnu pé àbúrò mi ni màá jẹ́ kó kọ̀ ọ́, pé bí ó bá ti lè ní rárá, Nilani á gbọ́. Mo pè é. Mo rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká, bá a ṣe máa ń ṣe lórí fóònù, kó tó yé e.

"Akka," ó ní, bó ṣe máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ṣé jẹ́jẹ́ ló gbé Appa sílẹ̀?"

Mo ní jẹ́jẹ́ ló gbé bàbá wa sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó jó o nígbà náà. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bó ṣe rí. Kí wọ́n ṣáà má rí i níbí."

Mo gbà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí gbogbo ihò. Àwa, ìran tó fọ́n ká, a ní wọn ní London, a ní wọn ní Paris, a ní wọn nílé. Ẹni tí kò bá lè wá sí arangetram, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti máa wò ó lójú ẹsẹ̀, á sì súre fọ́mọ. Mo lọ bá Ramanan, ọmọkùnrin tó máa ya fídíò ètò náà. Mo ní bí ijó yẹn bá ti kàn, kó fi aṣọ dúdú bo kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, Àǹtí. Mo lọ bá Balendran, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, torí òun ló máa ń bójú tó ètò lórí ìtàgé, tó máa ń sọ ohun tí ijó kọ̀ọ̀kan dá lé. Ó ti ka ìròyìn rí lórí rédíò àwọn èèyàn wa. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ rọrùn ju gbígba maikirofóònù lọ́wọ́ ọkọ òun lọ. Mo ní kí Anna, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bá mi sọ fáwọn èèyàn kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ó bi mí pé nítorí kí ni. Mo ní nítorí àbúrò mi ni, mo sì sọ ìtàn omi yẹn fún un. Omi lé sójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi sílẹ̀ fóun, pé òun mọ ohun tóun máa sọ.

Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn iléèwé tá a gbà kún fọ́fọ́. Òdòdó funfun wà nírun àwọn obìnrin, Thevan tan àtùpà idẹ níwájú ìtàgé. Nilani kúnlẹ̀ fún Tíṣà, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo gbádùn àwọn ijó ìṣáájú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku ijó kan kí tiwa kàn, mo kúrò níwájú, mo lọ dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ramanan. Ó fi aṣọ bo kámẹ́rà lójú mi. Mo fọwọ́ kàn án, mo rí i pé kò ní yọ̀. Mo wá ń wo ọwọ́ àwọn èèyàn. Bàbá kan gbé fóònù rẹ̀ dìde, mo lọ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ara mi balẹ̀.

Balendran jáde síta.

"Ijó tó kàn yìí," ó ní, "kì í ṣe ìtàn òrìṣà. Ìtàn ẹ̀jẹ̀ wa ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀, torí pé ọkùnrin tọ́mọ yìí máa jó ìtàn ẹ̀ ṣì wà láàyè. Àbúrò ìyá ẹ̀ ni. Èmi fúnra mi ti ra omi mu níwájú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ẹ̀." Ó dárúkọ ìlú náà. Ó dárúkọ títì tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ó dárúkọ àbúrò mi. "Ó dá gbé ọwọ́ sókè lọ́jọ́ yẹn. Lónìí, gbogbo wa la máa bá a gbé e."

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Kò sí èké nínú ohùn rẹ̀. Àdúrà ló ń gbà, lọ́kàn tirẹ̀.

Mo yíjú sí kámẹ́rà. Aṣọ wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ramanan ti káwọ́ gbera, ó kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, ọmọ tó ní ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n iná wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà náà, aláwọ̀ ewé, ó ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀.

"Kí ni iná yìí?" mo bi í.

"Ohùn ni, Àǹtí. Ó ń lọ. Àwòrán lẹ ní kí n bò."

Mo ti ṣọ́ ojú. Mi ò ṣọ́ ẹnu.

Mo ní kó pa á. Ó wá bọ́tìnnì kan, ó tẹ òmíràn. Ìlù ti bẹ̀rẹ̀. Iná náà ò kú. Mi ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, bí ẹni pé bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tó ti jáde á padà wọlé. Bí mi ò ṣe rí ijó ọmọ mi nìyẹn. Ṣaworo rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Wọ́n rọra ń dún bí ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ nínú omi. Wọ́n wá dákẹ́, iná náà sì wálẹ̀, ó dúró sójú kan.

Nígbà tá a ń jẹun lẹ́yìn ètò, gbogbo èèyàn ń dì mọ́ wa. Balendran gbé àwo vadai, irú àkàrà tiwa, dání, ó bi mí pé ṣé ó dáa. Mo ní ó dáa, Anna, ẹ ṣeun. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Thevan ti rí ojú mi, òun ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ti lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí Balendran láti ojú fèrèsé bó ṣe lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, tí kò tan iná, tí kò sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá wa kó ìkòkò.

Ramanan yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn kan ti gbà á sórí fóònù. Ìbátan wa kan pè láti London, ó ń bi mí pé kí ló dé tá a fi bò ó, pé gbogbo ilé àwọn jókòó yí òkùnkùn yẹn ká, wọ́n ń gbọ́ ṣaworo, wọ́n ń sunkún. Ó ní àwọn ti kí àbúrò mi níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fídíò náà gangan, wọ́n fi àwòrán ọwọ́ àdúrà tì í.

Mo pe àbúrò mi. Kò gbé e. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Nílé, mo ní kí Nilani má dààmú, pé ọjà ló ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tó yá, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí níbi iṣẹ́, níbi tá a ti ń di búrẹ́dì. Mo bọ́ sí ibi tí wọ́n ń kó páálí sí.

"Akka, wọ́n wá."

Mo bi í bóyá wọ́n lù ú.

"Wọn ò lù mí. Wọ́n mu tíì. Wọ́n gbé fóònù síwájú mi, ibi tó dúdú yẹn, wọ́n ní kí lẹ bò síbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀, pé èmi náà ò rí i. Òótọ́ ni mo sọ. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dáa, kí n dìde, kí n fi hàn wọ́n."

Mo jókòó sórí páálí kan.

"Ọmọ wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mo gbé e sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè."

Mo gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé lẹ́yìn náà ńkọ́.

"Wọ́n ní kí n má tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń nawọ́ kí n gbé òun, mi ò lè gbé e. Wọ́n mu tíì wọn tán." Ó fi kún un, "Wọ́n ní àwọn á máa wá. Akka, ẹ má pè mí mọ́. Tó bá ṣeé pè, èmi ni màá pè."

Mo fẹ́ sọ fún un pé Nilani jó o dáadáa. Mo fẹ́ sọ fún un pé mi ò rí i. Ó ti lọ.

Ìyẹn ti tó oṣù díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fún idiyappam, oúnjẹ ìrẹsì wa tó rí bí fọ́nrán òwú, nínú kíṣìnì nígbà tí Nilani wọlé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìrántí òkú ogun ní oṣù Èbìbí fẹ́ kóun wá jó ijó ọjọ́sí, níta gbangba, kí gbogbo èèyàn rí i. Tíṣà ti gbà. Ó ní kí n pe Maama, ìyẹn àbúrò mi, kí n bi í bóyá ó fọwọ́ sí i, àti pé kí ló tiẹ̀ sọ nípa tàkọ́kọ́, pé láti ọjọ́ yẹn mi ò jíṣẹ́ kankan fóun.

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, mo ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Mi ò mọ ohun tó dé tí mi ò fi lè pa á. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, bó ṣe sọ ọ́ fún mi, títí dé orí ọmọ tó ń nawọ́.

Ó dúró. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe Tíṣà níwájú mi, ó ní òun ò jó ijó yẹn mọ́, rárá, kò dá lé nǹkan kan, ẹ má bínú. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀.

"Amma," ó ní, "ṣé nǹkan mìíràn ṣì wà tẹ́ ò tíì sọ fún mi nípa ilé?"

Ó wà. Ti ìyá wa wà. Ti kànga wa wà, àti ohun tá a bá níbẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi."

Mo ní ó dáa. Ó bu oúnjẹ tirẹ̀, ó gbé e lọ sókè. Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn.